Bí a ṣe ń dá eṣinṣin inú ewé mọ̀, lóko ẹ̀yìnkùlé àti nínú igbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀wà, tòmátì tàbí kùkúńbà sẹ́yìnkùlé, ẹ ti rí i rí. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìlà funfun ti lọ́ kiri lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé fi ẹfun ya nǹkan. Mo ti rí ohun tó máa ń tẹ̀ lé e náà tó. Ẹnìkan á ní àrùn ni, ẹnìkan á ní Èbólà tòmátì ni, ẹnì kẹta á ti gbé táńkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó máa bèèrè pé "ta ló ya èyí gan-an?" ló ṣọ̀wọ́n.

Ìdin eṣinṣin kékeré kan ló sábà máa ń yà á. Ìyá ìdin náà á fi ẹnu ìdí gún ewé, á fi ẹyin sínú ihò náà. Tí ẹyin bá pa, ìdin á máa jẹ lọ láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé, kò sì ní yọjú síta títí á fi yó. Ibi tó bá jẹ kọjá ló ń funfun yẹn.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í dá a mọ̀ ni pé eṣinṣin ni wọ́n ń wá. Ẹ lè dúró lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kẹ́ ẹ má fojú kan ọ̀kan, torí eṣinṣin tí kò ju mìlímítà 2 lọ ò ní dúró dè yín. Ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, eṣinṣin náà á wá jáde síwájú yín nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa lò léraléra. "Ipa" ni mo ń pe ìlà tàbí àpá funfun tí ìdin jẹ sínú ewé. "Kóró" ni mo ń pe ìdin tó ti ká jọ sínú èèpo ara rẹ̀, tó ń dúró dìgbà tó máa di eṣinṣin.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Èyí nìkan ló tó owó níbẹ̀.
- Fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ṣeé sún mọ́ nǹkan, àti rúlà.
- Abẹ́rẹ́ ìránṣọ méjì.
- Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò bí ìgò máyọnéèsì, mẹ́ta ó kéré tán. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ máa fi bo ẹnu rẹ̀, àti rọ́bà tí ẹ máa fi dè é.
- Tíṣù, àti búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán àwọn ọmọ iléèwé, èyí tó kéré jù.
- Ìwé ìròyìn àtijọ́.
- Pẹ́ńsù. Ẹ má lo bíró, torí tí sípíríìtì bá kàn án, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ á ṣàn lọ.
- Ìgò oògùn kéékèèké àti sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ orúkọ ewéko náà ná

Ìdílé eṣinṣin yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Agromyzidae, ní ẹ̀yà tó ju 3,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í jẹ ju ìdílé ewéko kan lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jẹ ju ewéko kan ṣoṣo. Torí náà, ẹni tó bá mọ ewéko ti lé ẹgbẹ̀rún eṣinṣin kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà kó tó mú awò jáde rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àpẹẹrẹ tó rọrùn jù wà lẹ́nu ọ̀nà yín: igi holly, elẹ́gùn-ún lójú ewé, tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Tí ẹ bá rí àpá wúlewùle lójú ewé rẹ̀, eṣinṣin kan péré ló ń gbé inú ewé holly nílẹ̀ Bìrìtìkó, Phytomyza ilicis lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń dà wá láàmú nínú ọgbà kì í ṣa oúnjẹ. Ẹ fi méjì sọ́kàn: Liriomyza trifolii àti Liriomyza sativae. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá, wọ́n sì ń jẹ tòmátì, ata, ikàn, ẹ̀wà, kùkúńbà, ẹ̀lẹ́gẹ́dẹ́ àti bàrà. Trifolii tún fẹ́ràn ìdílé tí abẹ́rẹ́ olóko àti imí-èṣú wà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ máa wo koríko etí ọgbà. Ẹni tó bá wo tòmátì nìkan ti fi ilé eṣinṣin sílẹ̀, ọjà rẹ̀ ló ń ṣọ́.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* orúkọ ewéko ń yí láti ìlú dé ìlú. Ewé kan náà tí ẹnìkan ń pè ní akíntọ́lá, ẹlòmíì á ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. (Òṣèlú ò jẹ́ kí koríko pàápàá sinmi.) Ẹ ya fọ́tò òdòdó rẹ̀, igi rẹ̀ àti bí ewé ṣe jókòó lára igi, ẹ má ya ewé kan ṣoṣo. Tí ò bá tíì tanná, ẹ so aṣọ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ padà wá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi fọ́tò náà han ẹlòmíì tó mọ ewé, ẹ má sọ orúkọ fún un. Ìyá àgbà tó ń ta àgbo lọ́jà dára jù mí lọ nínú èyí. Tí orúkọ tó pè bá bá tiyín mu, tàbí tó bá mú ewéko kan náà wá fún yín, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé ipa ni lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo nǹkan funfun lójú ewé ni ipa. Ìgbín máa ń fi ọ̀nà dídán sílẹ̀, àmọ́ ẹ fi ìka tó tutù nù ún, á lọ. Àrùn tó ń pín ewé sí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè kì í ní ìlà tó dá dúró, ara ewé ibẹ̀ sì ṣì nípọn. Àwọn kòkòrò kan sì wà tó ń họ ojú ewé látìta. Ibi tí wọ́n họ á máa dán bí fàdákà, ẹ ó sì rí ìgbẹ́ wọn tó dúdú tó tò sí òkè ewé, kì í ṣe sínú.

Ẹ já ewé náà, ẹ nà án sókè sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Ipa gidi á mọ́lẹ̀ ju ara ewé yòókù lọ, torí awọ nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ ó rí ìlà dúdú kéékèèké nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ìdin nìyẹn. Tí orí bá ṣe yín ire, ẹ ó rí ìdin fúnra rẹ̀ ní òpin ibi tó fẹ̀ jù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èso àgbàdo tútù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ́ ojú ipa náà jẹ́jẹ́. Tí awọ rẹ̀ bá dìde bí ọ̀rá fẹ́lẹ́ lórí ògì tó ti dì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo, ipa ni. Tí abẹ́rẹ́ bá wọ inú ẹran ewé tó ní omi, kì í ṣe ipa, ẹ jù ú sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Eṣinṣin ni, àbí àfòpiná, àbí ọ̀bọ̀nbọ̀n?

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́, torí ibẹ̀ ni ìṣìnà ti pọ̀ jù. Àfòpiná kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ewé, ọ̀bọ̀nbọ̀n náà wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn wọn ò jọra, orúkọ wọn ò jọra. Ìgbẹ́ ló máa ń tú wọn fó.

Ìdin eṣinṣin ò dojú bolẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun nínú ewé. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi dùbúlẹ̀, lẹ́nu ìgbà díẹ̀ á yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Torí náà, ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sí etí ọ̀tún, á tún bọ́ sí etí òsì, á tún padà sọ́tùn-ún. Tẹ́ ẹ bá gbé awò lé e, ó dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn lórí iyanrìn: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, àárín sì mọ́ tónítóní. Ọmọ àfòpiná ní tirẹ̀ ń da ìgbẹ́ sí àárín ọ̀nà, ó sì máa ń di ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ lọ wo ewé ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, kẹ́ ẹ fi wé ewé ẹ̀wà. Ipa orí ewé ọsàn ń dán bí fàdákà, ó ká kòbókòbó, ìlà dúdú kan sì gba àárín rẹ̀ lọ. Ewé náà á wá súnkì, etí rẹ̀ á sì ká wọlé. Tí ẹ bá ṣí ibi tó ká yẹn, ẹ ó bá kóró níbẹ̀. Àfòpiná ni, Phyllocnistis citrella. Ọ̀pọ̀ fọ́tò "eṣinṣin inú ewé ọsàn" tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, òun ni.

Ti tòmátì ló le jù, torí eṣinṣin ń gbé ibẹ̀, àfòpiná náà ń gbé ibẹ̀. Àfòpiná ọ̀hún, Tuta absoluta, lòun tí wọ́n ń pè ní Èbólà tòmátì. Òun ló mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí oko tòmátì lọ́dún 2016. Ẹ fi nǹkan mẹ́rin yìí yà wọ́n sọ́tọ̀:

1. Ipa eṣinṣin jẹ́ ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ kiri. Ti Tuta á fẹ̀ di àpá gbàgede, bí ibi tí omi gbóná dà sí.
2. Ìgbẹ́ eṣinṣin tò sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Ti Tuta kó jọ sójú kan nínú àpá náà.
3. Ìdin eṣinṣin kì í kúrò nínú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Tẹ́ ẹ bá rí àpá tó ṣófo, tí ìdin ò sí nínú rẹ̀, tí àpá tuntun sì wà nítòsí, ẹ fura sí Tuta.
4. Eṣinṣin kì í wọ inú èso tòmátì. Tí ihò bá wà lára èso, pàápàá lẹ́bàá ibi tí èso ti so mọ́ igi, ẹ má fọ̀rọ̀ eṣinṣin ṣeré mọ́.

Ọ̀pẹ náà ní tirẹ̀. Tí ẹ bá rí imọ̀ ọ̀pẹ tó gbẹ rúsúrúsú bíi pé iná rà á, tí ẹ fa ewé rẹ̀ ya tí ẹ sì bá ọmọ kòkòrò pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, ọ̀bọ̀nbọ̀n kékeré kan ni, Coelaenomenodera lorúkọ rẹ̀. Òun lọ̀tá àwọn olóko ọ̀pẹ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí eṣinṣin kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìgbẹ́, ẹ wo ibi tí ipa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ipa eṣinṣin tó wà nínú ọgbà wa máa ń bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìdin ṣe ń dàgbà. Ní òpin rẹ̀, tí ìdin bá ti jáde, ẹ ó rí ojú ọ̀bẹ kékeré tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ibẹ̀ ló là jáde. Ẹ má ṣe fi ojú fo àwọn àmì kéékèèké funfun tó tàn káàkiri ewé bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìyá eṣinṣin ló gún wọn. Ẹyin wà nínú díẹ̀ nínú wọn, omi ewé ló lá nínú èyí tó kù. Akọ ò ní ohun tó lè fi gún ewé, ihò tí abo bá gún lòun náà máa ń lá.

Ẹ̀yin ará Bìrìtìkó tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí oko àyálò, tẹ́ ẹ bá rí àpá gbàgede lórí chard tàbí ewé bíìtì, ẹ yí ewé padà. Tí ẹyin funfun gbọọrọ bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sábẹ́ rẹ̀, eṣinṣin ni lóòótọ́, àmọ́ ìdílé mìíràn ni. Pegomya ni. Ó ju ti Liriomyza lọ dáadáa ní títóbi, ìdin bíi mélòó kan sì lè pọ̀ pọ̀ nínú àpá kan.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìtún wo ewé: ìgbẹ́ náà, ẹ̀gbẹ́ méjì ni àbí àárín? Ipa náà, tóóró ni àbí gbàgede? Ìdin náà, ó ṣì wà nínú rẹ̀ àbí ó ti jáde, ibo ló sì gbà jáde? Tẹ́ ẹ ò bá lè dáhùn, ewé mìíràn wà lóko.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣí ipa kan, kẹ́ ẹ wo ìdin

Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ fi ewé tó kù pamọ́ fún ìgbésẹ̀ 5.

Ẹ tẹ́ ewé sórí nǹkan dúdú, ẹ fi abẹ́rẹ́ kan di ewé mú, kẹ́ ẹ fi ìkejì ya awọ òkè láti ẹ̀yìn ìdin wá síwájú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ẹ ó gún un lórí. Ìdin eṣinṣin ò ní orí tó dá yàtọ̀, kò ní ẹsẹ̀, kò ní ojú. Ohun tó ní ni ìkọ́ dúdú méjì lẹ́nu, ẹ ó rí i látìta bí ẹ̀rún èédú nínú ara tó mọ́ gaara. Tí oòrùn ò bá tíì pa á, á ṣì máa fi ìkọ́ yẹn gbẹ́ ewé, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣí òrùlé lórí òun. Mo ti wò ó títí tí tíì mi fi tutù.

Ọmọ àfòpiná yàtọ̀. Ó ní orí líle tó pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Ti Tuta ní ẹsẹ̀, ó sì ní àmì dúdú kan bí ìgbànú lẹ́yìn orí.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* ìdin tí kò mira, tó ti dúdú tàbí tó rọ, tí nǹkan kékeré mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ipa. Ẹni tó bá rí i á ní irú ìdin kejì ló wà níbẹ̀. Rárá o. Ọmọ agbọ́n ni, agbọ́n tó kéré ju eṣinṣin náà lọ, tí ìyá rẹ̀ wá eṣinṣin rí nínú ewé. Àwọn agbọ́n mìíràn a máa mọ òpó kéékèèké dúdú yí ara wọn ká nínú ipa, kí òrùlé má bàa wó lù wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i.

*Àyẹ̀wò:* ìkọ́ dúdú, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀: eṣinṣin. Orí líle: kì í ṣe eṣinṣin, ohun yòówù kí ipa rẹ̀ jọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tọ́ ọ nínú ìgò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú èyí, mo di ewé ẹ̀wà 14 mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹta, omi ló kù, ó ń rùn bí ẹ̀yìn ọjà. Lọ́jọ́ keje, mo rí àwọn eṣinṣin kéékèèké nínú rẹ̀, inú mi dùn, mo ti kọ orúkọ sílẹ̀. Ojú wọn pupa, ara wọn pọ́n bí oyin. Eṣinṣin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn! Òórùn ewé tó jẹrà ló pè wọ́n wá.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é:

1. Ẹ já ewé láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdin tó ti yó máa ń là jáde, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ilé òfìfo lẹ ó kó. Ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rí i pé ìdin wà nínú rẹ̀ kó tó wọ àpò.
2. Irú ewéko kan, ìgò kan. Ẹ má dà wọ́n pọ̀, bó ti wù kí ìgò wọ́n yín tó.
3. Ẹ fi tíṣù tútù wé ẹsẹ̀ ewé nìkan. Ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìgò, òun ló máa fa omi tó bá ń làágùn jáde lára ewé. Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.
4. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bo ẹnu rẹ̀, ẹ má fi ọmọrí dé e. Ẹ gbé e sí ibòji tó ní ìmọ́lẹ̀. Orí firíìjì dára, ojú fèrèsé ò dára.
5. Ẹ máa wò ó ní àràárọ̀. Kóró á ti bọ́ sórí tíṣù tàbí kó lẹ̀ mọ́ ewé: gígùn rẹ̀ ò tó hóró ìrẹsì rárá, bíi mìlímítà 2, àwọ̀ ìyeyè ni á kọ́kọ́ ní kó tó di àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tútù gbé e lọ sínú ìgò kejì tí tíṣù tó rin díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ìka mú un.
6. Ẹ dúró. Ní ojú ọjọ́ tiwa, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni.

Tí kóró ò bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì dá ewé nù. Eṣinṣin kan wà, Phytomyza horticola, tó ń di kóró sínú ewé gan-an. Ẹ̀yìn ewé lẹ ó ti rí i, ibi kan á wú sókè, ìwo kéékèèké méjì á sì yọ síta láti inú rẹ̀. Èyí nìkan ti tó láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Liriomyza inú ọgbà, tó ń bọ́ síta kó tó di kóró.

Tí eṣinṣin bá jáde, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ò tíì gún, gbogbo ara rẹ̀ ló ṣì funfun ràndánràndán, ẹ ó sì pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ẹ fi ẹ̀kán oyin kan sórí tíṣù fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lo odidi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìgò náà sínú fírísà.

*Àyẹ̀wò:* kóró mélòó lẹ kó, nǹkan mélòó ló jáde? Iye wọn gbọ́dọ̀ bára mu, tàbí kẹ́ ẹ mọ ìdí tí ò fi bára mu. Tí nǹkan tó jáde bá pọ̀ ju kóró lọ, àlejò ti wọlé, ẹ wo aṣọ ẹnu ìgò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo ohun tó jáde

Ìyẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Méjì: eṣinṣin. Mẹ́rin, tí ìwo orí sì ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́: agbọ́n kékeré tó jẹ eṣinṣin náà láti inú. Ẹ má bínú sí i. Nínú kóró 9 tí mo kó lára ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan, agbọ́n 5 ló jáde, eṣinṣin 4. Ibẹ̀ ni mo ti yé fọ́n oògùn sí ìlà funfun, torí ìdin wà lábẹ́ òrùlé níbi tí oògùn kì í tètè dé, agbọ́n ló wà níta gbangba.

Tó bá jẹ́ eṣinṣin, ẹ gbé awò lé ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín ibi tí ìyẹ́ méjèèjì ti hù, sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bí ojú ṣọ́bìrì.

Tí ibẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, tí ẹ̀yìn tó kù dúdú, tí orí náà pọ́n: Liriomyza ni. Tí gbogbo ara rẹ̀ bá rí bí eérú, tí orí nìkan pọ́n: ẹ fura sí horticola. Tó bá dúdú kirikiri tó ń dán láti orí dé ìdí: kì í ṣe Liriomyza, tó bá sì jẹ́ ara ẹ̀wà tàbí eréé ló ti wá, ẹ padà lọ fa ọ̀gbìn tó ń rọ tu. Tí ìdí igi rẹ̀ bá wú, tó sán, tí kóró sì wà lábẹ́ èèpo rẹ̀, Ophiomyia phaseoli ni. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ya nǹkan sójú ewé, inú igi ló ń jẹ lọ, ó sì ń pa ọ̀gbìn kékeré.

Láti ya trifolii àti sativae sọ́tọ̀, ẹ wo bí ẹ̀yìn ṣe ń dán. Ti trifolii kì í dán, ó dà bíi pé eruku eérú bò ó. Ti sativae dúdú, ó ń dán bí bàtà tí wọ́n kùn. Irun gígùn méjì tún wà lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan: lára trifolii, orí ibi tó pọ́n ni méjèèjì ti hù, lára sativae, èyí tó wà lóde hù lórí ibi tó dúdú. Awò ìlọ́po 10 ò ní fi irun hàn yín dáadáa, ẹ máa nílò máíkírósíkóòpù. Ìkẹta wọn, Liriomyza huidobrensis, dúdú jù wọ́n lọ, ó fẹ́ràn òkè tútù bíi ti Kẹ́ńyà, ipa rẹ̀ sì sábà máa ń rìn mọ́ iṣan ewé.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* kí wọ́n rí àwọ̀ dúdú àti ìyeyè, kí wọ́n sì kọ "trifolii" tààrà. Àmì dídán àti irun ń tọ́ni sọ́nà ni, wọn ò dá ẹjọ́. Ohun ọkọ lára akọ eṣinṣin, tí wọ́n tú sábẹ́ máíkírósíkóòpù, tàbí DNA, ló ń parí àríyànjiyàn. Torí náà, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ní akọ nínú ohun tẹ́ ẹ tọ́. Abo ní irinṣẹ́ dúdú tó yọ síta ní ìdí, akọ ò ní in. Fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kòkòrò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ: àwọn tó wà ní NIHORT àti IITA, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn méjì n'Ìbàdàn, tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ kòkòrò ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín.

*Àyẹ̀wò:* ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 1 àti 3. Ewéko, ipa àti eṣinṣin gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Tí ipa bá ní ìgbẹ́ láàárín, tí Liriomyza sì jáde nínú ìgò, ewé méjì ló dà pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbàgbé

Ẹ tẹ́ ewé tó ní ipa sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé ẹrù wúwo lé e, ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ, àìṣe bẹ́ẹ̀ olú á bò ó. Ẹ fi eṣinṣin sínú sípíríìtì. Nọ́ńbà kan náà ni kẹ́ ẹ kọ sára méjèèjì. Eṣinṣin tí kò ní ewé tirẹ̀, àwọn onímọ̀ ò ní rí nǹkan púpọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Bébà tó wà nínú ìgò mi nìyí, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ ("sp." ni pé ẹ̀yà rẹ̀ ò tíì dájú):

7. Ẹ̀wà, Vigna unguiculata. Ẹ̀yìnkùlé, Ìbàdàn. Ewé já 12/6/2024, aago 6:30 àárọ̀. Ipa tóóró, òkè ewé, ìgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì. Kóró 9, láti 14/6. Jáde láti 24/6: eṣinṣin 4 (akọ 1), agbọ́n 5. Ẹ̀yìn ń dán. Liriomyza sp., bóyá sativae.